Ẹ̀rọ yìnyín mi ní omi ti tán, táǹkì sì kún: bí mo ṣe wá ìdí rẹ̀

Iná kékeré tó máa ń sọ pé kí a bu omi sí i ló tàn lára ẹ̀rọ yìnyín orí tábìlì wa, bẹ́ẹ̀ omi kún táǹkì dé ojú ìlà. Mo pa á, mo tún un tàn, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, iná náà tún yọjú. Níbi tọ́rọ̀ bá dé yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa wá sẹ́ńsọ̀ tuntun rà, ìyẹn ohun tó máa ń mọ̀ bóyá omi wà. Èmi fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun kan ná: ṣé irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń pa ni, àbí òótọ́ ló ń sọ? Bí omi ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òótọ́ ló ń sọ, ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tàbí asẹ́ lẹjọ́ wà. Bí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò sì mọ̀, ìgbà yẹn la tó lè yíjú sí òun fúnra rẹ̀.

Bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Omi wà nísàlẹ̀ nínú táǹkì, pọ́ǹpù kékeré kan á fà á lọ sínú àwo tó wà lókè. Àwọn ọ̀pá irin kéékèèké tó dà bí ìka ọwọ́ á rì sínú omi àwo yẹn, gáàsì tútù á máa gba inú wọn kọjá, yìnyín á sì dì mọ́ wọn lára láàárín bí ìṣẹ́jú 6 sí 15. Lẹ́yìn náà, gáàsì gbígbóná á gba ibẹ̀, yìnyín á já bọ́, àwo á dorí kodò, omi tó ṣẹ́kù á padà sí táǹkì. Lára tèmi, sẹ́ńsọ̀ omi kò sí nínú táǹkì rárá. Inú ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo òkè ló wà: ike kan tó ń léfòó, tí mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Bí àwo bá kún, ike á gòkè, mágínẹ́ẹ̀tì á súnmọ́ súwíìsì kan tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn ògiri ihò náà, bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó iná tó ń darí ẹ̀rọ, á sì mọ̀ pé omi ti tó, á dá pọ́ǹpù dúró. Bí bọ́ọ̀dù bá retí àmì yẹn títí tí kò rí i, á gbà pé omi ló tán.

Nítorí náà, ojú àti etí ni mo kọ́kọ́ lò. Mo ṣí ìdérí, mo tan ẹ̀rọ, mo dúró tì í. Pọ́ǹpù kùn, omi gòkè, àwo kún. Omi ò dúró síbẹ̀, ó ń ṣàn kọjá ètí àwo, ó ń dà padà sínú táǹkì, pọ́ǹpù sì ń fà á lọ, kó tó di pé ó dákẹ́ lójijì tí iná tàn. Ohun tí mo rí yìí dá pọ́ǹpù láre pátápátá. Ká ní omi tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde ni, tàbí pọ́ǹpù ń kùn tí omi ò sì gòkè, asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù ni ǹ bá yẹ̀ wò, tàbí afẹ́fẹ́ tó há sínú rọ́bà tó ń gbé omi. Ẹ má fojú kékeré wo ìṣẹ́jú díẹ̀ téèyàn fi dúró wo ẹ̀rọ yìí. Òun ló sọ ibi tí mo máa wá ọ̀rọ̀ lọ fún mi.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fa omi inú táǹkì dànù láti ìdí rẹ̀. Mo wá fi ìka ti ike tó ń léfòó yẹn sókè. Ó gòkè dé ìdajì, ó há. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ohun funfun líle tí kálísíọ́ọ̀mù inú omi máa ń fi sílẹ̀ ti gba ara ọ̀nà tó ń gbà lọ sókè, ó sì pọ̀ jù lọ ní apá tó kọjú sí àwo. Fínígà funfun ni mo lò fún un, mo pò ó pọ̀ mọ́ omi lọ́gbọọgba, mo dà á sínú ihò náà títí tó fi bo ike mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wúyẹ́wúyẹ́. Gáàsì ló ń jáde bí ásíìdì ṣe ń jẹ nǹkan funfun náà. Mo fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ ibẹ̀, mo fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin ha á, torí ike náà á ní ojú ọgbẹ́ tí ìdọ̀tí á tún máa lẹ̀ mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí fínígà àti bílíìṣì pàdé láé, gáàsì olóró ló máa ń jáde níbẹ̀.

Ike ń lọ sókè-sódò láìhá mọ́, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wàràwàrà. Mo da èyí tó kọ́kọ́ jáde nù nítorí òórùn fínígà. Àmọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ iná tún tàn, kì í ṣe gbogbo ìgbà o, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ohun tó ń ṣe ségesège báyìí, wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Mo tún yọ iná, mo tú síkúrù ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Àkọlé tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ sọ pé R600a ni gáàsì rẹ̀, gáàsì tó máa ń gbiná. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ọwọ́ mi kan páìpù bàbà kankan, tí mi ò sì gbé irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ dé ìtòsí rẹ̀. Mo tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ dé ibi tó ti so mọ́ bọ́ọ̀dù, mo yọ ọ́ níbẹ̀, mo fi mítà tó ń wọn ìdènà iná sí i (òdo túmọ̀ sí pé iná ń kọjá láìsí ìdíwọ́). Nígbà tí ike wà nísàlẹ̀, mítà ò ka nǹkan kan, ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé ike sókè, ó yẹ kó sún mọ́ òdo kó sì dúró síbẹ̀, àmọ́ ńṣe ni nọ́ńbà ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo mi wáyà díẹ̀, ó tún yí padà. Láàárín ọ̀nà, wáyà náà ní oríkèé kan tí wọ́n fi ike so. Mo ṣí i: ẹsẹ̀ irin méjèèjì inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti ní àwọ̀ ewé.

Ibi tí omi gbà débẹ̀ ló wú mi lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbẹ́ páìpù tútù ni wáyà náà gbà kọjá. Ìrì ń sẹ̀ sára páìpù, ó ń kán sórí wáyà, wáyà sì dagẹ̀rẹ̀ láti òkè wá tààrà sínú oríkèé, nítorí náà gbogbo ẹ̀kán omi ń yọ̀ lọ sínú rẹ̀. Ká ní mo ti ra sẹ́ńsọ̀ tuntun ni, oríkèé kan náà ni ǹ bá so ó mọ́, àìsàn náà á sì padà wá.

Mo fi òwú àti spírítì nu ẹsẹ̀ irin náà títí tó fi dán, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tì í padà títí ó fi wọlé dáadáa. Mítà dúró ṣinṣin lórí òdo. Lẹ́yìn náà ni mo yí ọ̀nà wáyà padà: mo jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè wọ inú oríkèé, mo sì fi okùn ike dè é kúrò lára páìpù tútù. Ẹ̀kán omi tó bá tọ wáyà wá á já sílẹ̀ ní ibi tó rọ̀ sí, kò ní lè gòkè mọ́. Mo dé ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo gbé e dúró, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ọ́ìlì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri) padà sílé rẹ̀, nítorí pé mo ti gbé ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́. Mo wò ó pé orí tábìlì gún régé pẹ̀lú, torí bí ẹ̀rọ bá dagẹ̀rẹ̀, omi àwo lè má dé ọ̀dọ̀ ike lásìkò. Látìgbà náà, iná yẹn ò tàn àfi tí omi bá tán lóòótọ́.

Àwọn kan máa ń so wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì pọ̀ kí iná má baà tàn mọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Bọ́ọ̀dù á máa gbà pé àwo kún nígbà gbogbo, pọ́ǹpù lè má ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀pá irin á sì máa tutù lásán nínú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí kò lo ike tó ń léfòó. Irin tínínrín méjì ló wà nínú omi, iná díẹ̀ kíún á gba inú omi láti ọ̀kan dé èkejì. Kálísíọ́ọ̀mù lè bò wọ́n, fínígà kan náà ló ń yanjú rẹ̀. Omi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n sì gbà padà, pàápàá lè fa wàhálà fún irú rẹ̀, torí kò ní iyọ̀ tó máa gbé iná kọjá; ẹ fi omi ẹ̀rọ lásán dán an wò kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun. Bí ó bá sì jẹ́ irú tèmi lẹ ní, tí ọ̀nà ike mọ́, tí wáyà dára, tí mítà ò sì yí padà rárá nígbà tí ike gòkè, sẹ́ńsọ̀ ti kú nìyẹn, tàbí mágínẹ́ẹ̀tì inú ike ti jáde. Ẹ wo iye ẹsẹ̀ tó wà ní ẹnu wáyà rẹ̀ àti bí ó ṣe gùn tó kẹ́ ẹ tó ra òmíràn.