Ẹ Ka Bí Ọkàn Yín Ṣe Ń Lù Kí Ẹ Tó Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ẹni tó ń roko kì í tètè mọ̀ pé agbára ń tán. Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀, la máa ń wí. Mo bá ọkùnrin alágbára kan lẹ́nu iṣẹ́ rí, ó ní kò rẹ òun rárá. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo wo aago: ọkàn rẹ̀ lù nígbà 68 kí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó pé. 136 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu lè sọ pé kò rẹ òun. Ọkàn kì í purọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kà á láàárọ̀, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ fi ìka ìfábẹ̀là àti èyí tó tẹ̀ lé e tẹ ọrùn ọwọ́ jẹ́jẹ́, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á o, iṣan tirẹ̀ náà ń lù, yóò da òǹkà yín rú. Ẹ kà fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ti àgbàlagbà tó wà nísinmi sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bá mú, ẹ kà á gbàrà tí ẹ bá gbé ọkọ́ sílẹ̀ láti sinmi. Bó bá lé ní 110, ẹ yọ ìdámẹ́ta kúrò nínú àkókò iṣẹ́ tó kàn: ẹni tó ṣe 45 ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀, kó ṣe 30. Ẹ má fọwọ́ kan àkókò ìsinmi. Bó bá tún lé ní 110 lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún dín iṣẹ́ kù.

Ooru ló ń fà á. Ara ń darí ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ kó lè tutù, apá àti ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ sì ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń gbé omi lọ. Ọkàn ò ní ṣàìsáré. Ìdí nìyí tí ebè tó rọrùn láàárọ̀ fi ń le lọ́sàn-án lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ máa mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

Ẹni tó ń sáré ìdárayá, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 220; ohun tó kù ni iye tó pọ̀ jù tó yẹ kí ọkàn rẹ̀ lù ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹni 50 ọdún jẹ́ 170. Eré tó mọ níwọ̀n fún un wà láàárín ìdajì rẹ̀ sí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 85 sí 119. Àfojúbù ni. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ẹ wà níbẹ̀.

Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú kí ọkàn rọra lù, kódà nígbà tó ti rẹ èèyàn tẹnutẹnu; kí ẹni tó ń lo irú rẹ̀ bi dókítà léèrè kó tó gbára lé òǹkà yìí. Bí àyà bá ń dùn yín, tí òyì ń kọ́ yín, tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ má dúró kà á. Ẹ jókòó sábẹ́ ibòji, kí ẹ pe ẹni tó wà nítòsí kó gbé yín lọ sílé ìwòsàn.