Bí mo ṣe bá ọlọ́kadà kan jókòó nítorí tramadol

Nọ́ọ̀sì ni mí, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti wọ̀ lára. Ìyá ọmọkùnrin yìí ló mú un wá, ẹkún sì ni wọ́n sun wọlé. Mo bẹ màmá kí wọ́n dúró síta díẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì kì í lè sọ òótọ́ níwájú ìyá rẹ̀.

Mi ò bi í pé kí ló ti í débẹ̀. Iye tramadol, oògùn ìrora náà, tó ń lò ni mo bi í. Ó ní hóró mẹ́fà lójúmọ́, èyí tí wọ́n kọ 225 mílígíráàmù sí lára. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn, kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 lọ. Ohun tí dókítà lè fún àgbàlagbà lójúmọ́ kì í sábà kọjá 400 mílígíráàmù; tirẹ̀ ti di 1,350. Ó ní kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ro òun lórí ọ̀kadà.

Wọ́n ti tì í mọ́lé rí kó lè jáwọ́. Òógùn bò ó, imú ń dà, ó ń ṣu omi, eegun ń fọ́ ọ, kò róorun sùn. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ibi tí wọ́n ti ń tà á ló gbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún ọmọ yín. Dókítà ló bá wa dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí à ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo ní: "Láti 0 dé 10, báwo lo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀ tó?" Ó ní 4. Mo ní, "Kí ló dé tí kì í ṣe 1?" Ó dákẹ́ títí.

"Antí, oògùn yìí mú kí ara mi le gbagidi lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ kan, mo ṣubú. Aláboyún ni mo gbé."

Mi ò fèsì. Mo jẹ́ kó sunkún tán. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde yìí lágbára ju ìwàásù mi lọ.

Ìdí igi ní gáréèjì rẹ̀ ni ẹni tó ń tà á fún un máa ń jókòó, a sì jọ fẹnu kò pé yóò yí gáréèjì padà. Kí wọ́n tó lọ ilé, mo kìlọ̀ fún tọmọ-tìyá: ara rẹ̀ kò lè gba iye ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mẹ́fà yẹn lè pa á.

Lóṣù kejì, ó dá wá. "Antí, mo lo ẹyọ kan lánàá." Mo fún un ní àga, mo tún bi í léèrè: mélòó nínú 10? Ó ní 7, ó sì ní kí n bá òun pe ìyá òun wá gbọ́ ọ.