Ẹ Má Jẹ́ Kí Oòrùn Gba Ìgbéyàwó Náà Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni ìyàwó ọjọ́ náà, èmi sì ni mo rán aṣọ tó wọ̀. Àmọ́ nígbà tó ń rìn lórí iyanrìn lọ bá ọkọ rẹ̀, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni mo dùbúlẹ̀ sí, mo fa aṣọ fèrèsé dé, mo ń bì, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé yóò là. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo gúnlẹ̀. Bí mo ṣe gbé báàgì kalẹ̀ báyìí, etí òkun ni mo gbà lọ, ibẹ̀ ni mo sì wà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí mi lára, ó tù mí, n kò mọ̀ pé oòrùn ti jó mi débi tó jó mi dé. Ọdún ti gorí ọdún, ó ṣì ń dùn mí. Láti ìgbà náà, mo ti lọ síbi ìgbéyàwó etí òkun mẹ́ta mìíràn ní ilẹ̀ olóoru, ojú mi ni gbogbo wọn ṣe. Ohun tí mo ń ṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àkọ́kọ́ ni pé ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó kì í ṣe ọjọ́ fàájì. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ dé nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tó tutù kò lè mọ́ ooru lójú ẹsẹ̀, pàápàá níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òógùn yóò bo ara, ṣùgbọ́n kò ní gbẹ, òógùn tí kò bá sì gbẹ kì í tu ara. Ẹ sinmi, ẹ mu omi, ẹ rìn díẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Òkun kò níí lọ síbì kan, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni kí ẹ lọ wẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn ìwé ìrìnàjò kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fẹ́ kí páásípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá ń béèrè káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ ìrìnàjò. Bó bá jẹ́ agbègbè Kàríbéánì ni, ẹ rántí pé láti 1 oṣù kẹfà títí di 30 oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle níbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí ọjọ́ rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ oògùn wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Níbi tí ibà ẹ̀fọn bá wà, dókítà lè kọ doxycycline fún yín kí ibà má bàa mú yín. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni, àmọ́ ó máa ń mú kí oòrùn tètè jó awọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ìta gbangba létí òkun ni ẹ máa wà, kó lè wò ó bóyá òmíràn ló bá yín mu. Èyíkéyìí tí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó dópin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó, títí kan ọjọ́ tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sílé.

Aṣọ ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé aṣọ òwú dára nínú ooru. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò wò ni láínìn tí a rán mọ́ ọn nínú. Mo ti rí aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí aránṣọ fi polyester ṣe láínìn rẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ ọ̀rá. Ẹ yí inú aṣọ síta kí ẹ tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòtù àwọn ọkùnrin: ẹ wá èyí tí kò ní láínìn, tàbí èyí tó jẹ́ èjìká nìkan ni wọ́n fi sí. Aṣọ eérú àti búlúù tó mọ́lẹ̀ máa ń fi òógùn hàn kíá. Aṣọ olódòdó àti aláwọ̀ aró kì í tú àṣírí.

Ẹ ro ti atẹ́gùn náà. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ máa ń gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ á gòkè, tútù á sì ti ojú òkun wá rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń le jù, àsìkò tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó gan-an nìyẹn. Yẹ̀rì tó fẹ̀ á máa fò sókè. Mo máa ń rán bọ́tìnnì wúwo mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí wọn. Ẹ jẹ́ kí aṣọ náà ga kúrò nílẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, torí aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ á fa iyanrìn tútù títí á fi wúwo.

Bàtà gogoro yóò rì. Ẹ wọ èyí tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kó sì jẹ́ èyí tí ẹ ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ìjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú àti ooru máa ń mú ẹsẹ̀ wú díẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó àti bàtà yìí, ọwọ́ ni kí ẹ gbé wọn dání wọ ọkọ̀, ẹ má fi wọ́n sínú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Bí aṣọ bá rún, ẹ gbé e kọ́ sí balùwẹ̀, kí ẹ ṣí omi gbígbóná, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Oru omi náà yóò nà án.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi ìpara adènà oòrùn tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà ara ike rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe lágbára tó) tó 30 pa ojú, ọrùn, etí àti òkè ẹsẹ̀, ní bí ìṣẹ́jú ogún kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Awọ dúdú náà ń jó. Èmi ni ẹ̀rí. Ẹ dán an wò nílé kí ẹ tó lọ, torí òmíràn máa ń mú kí ojú funfun nínú fọ́tò. Bí wọ́n bá ta àtíbàbà, kò tíì tán: iyanrìn gbígbẹ máa ń dá nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ padà sókè, ìfófòó òkun sì ń dá nǹkan bí 25 padà. Lọ́fínńdà, ara aṣọ ni kí ẹ fín in sí, nítorí àwọn kan ní òróró ọsàn nínú tó máa ń fi àbààwọ́n sára awọ bí oòrùn bá bà á.

Ẹ yọ fóònù kúrò nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú. Bí ẹ bá gbé e jáde lójijì, ìrì á bo ojú kámẹ́rà, ìyàwó á sì ti kọjá kó tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíláàsì ojú.

Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ilẹ̀ máa ń ṣú kíákíá bí oòrùn bá ti wọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀fọn tó ń fa ibà ń jáde. Èyí tó ń kó dengue, ibà mìíràn tí ẹ̀fọn ń fà, ń jẹ ènìyàn lójúmọmọ ní tirẹ̀. Ìpara oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí ẹ tó fi oògùn ẹ̀fọn lé e.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ lè wọ òkun báyìí, níbi tí adóòlà tó ń yọ ẹni tó bá ń rì wà. Bí omi bá ń wọ́ yín lọ sójú agbami, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ẹ máa bá etí òkun lọ ní ọ̀gbọọgba, títí ẹ ó fi bọ́ nínú ìṣàn náà, kí ẹ tó yà sí ilẹ̀.

Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ gbọn iyanrìn kúrò nínú ìṣẹ́tí aṣọ, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan sípì àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Iyọ̀ òkun máa ń jẹ irin, ó sì lè ba sípì jẹ́ kí ẹ tó délé.