Bí mo ṣe fi kòkó oko Bàbá yan kéèkì ọjọ́ ìbí Bàbá

Bàbá ọkọ mi pé ọdún 70 lóṣù tó kọjá. Ìdànrè ni wọ́n ń gbé, oko kòkó ni wọ́n sì fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìgbógbó, níbí ní Ìkòròdú, ni wọ́n fẹ́ ti ṣe ọjọ́ ìbí náà. Tólú ọmọ mi pè wọ́n lórí fóònù, ó bi wọ́n pé irú kéèkì wo ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní èyí tó bá dúdú. Mo mọ̀ pé ti ṣokoléètì ni wọ́n ń sọ.

Mo lọ sí Sábó lọ́jọ́ Ẹtì láti ra èròjà. Fúláwà wà, ẹyin wà, òróró wà. Páódà kòkó ló di wàhálà. Láti 2024, nígbà tí owó kòkó lọ́jà àgbáyé fò kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, ni ọ̀rá kékeré tí mo máa ń rà ti ń wọ́n sí i. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ó ti tán. Ní ìkejì, wọ́n wọn díẹ̀ fún mi, mo fi sórí ahọ́n, ó ń dùn. Páódà kòkó tí wọn ò bá po nǹkan kan mọ́ kì í dùn, kíkorò ló ń korò. Mo dá a padà.

Obìnrin tó ń tajà ní kí n ra tíì, irú Milo tàbí Bournvita, kí n fi rọ́pò rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣúgà ti wà nínú tíì tẹ́lẹ̀, èmi ò sì dín ṣúgà tèmi kù nígbà náà. Kéèkì yẹn dùn rékọjá, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ju ti búrẹ́dì lọ. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà mìíràn lè lò ó, kó ṣáà dín ṣúgà kù dáadáa, kó má sì retí pé yóò dúdú. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn láti gbé irú rẹ̀ síwájú Bàbá.

Bí mo ṣe wọ kíṣìnnì ni ojú mi lọ sí ọ̀rá dúdú tó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Hóró kòkó gbígbẹ ló wà níbẹ̀. Bàbá ló kó o wá nígbà tí wọ́n ní kí Tólú mú irúgbìn tí à ń tà sókè òkun wá sí iléèwé. Mo dúró wò ó títí. Kí ni mo ń wá kiri Sábó?

Mo jáde lọ bá Màmá Ẹlẹ́pà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa.

“Ẹ kú ọjà mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èèyàn lè yan kòkó bí ẹ ṣe ń yan ẹ̀pà?”

“Ìyá Tólú, kí ni èèyàn ò lè yan? Má ṣáà jẹ́ kí iná rẹ pọ̀. Hóró tí iná bá bá lójijì, ìta rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ á wà ní tútù.”

Wọ́n bu yanrìn wọn fún mi sínú ọpọ́n, wọ́n tún yá mi ní ìkòkò ńlá kan.

Mo kọ́kọ́ ṣà á. Mo mú ọ̀bẹ, mo ń la díẹ̀díẹ̀ lára hóró náà sí méjì, bí àwọn tó ń yẹ kòkó wò lọ́jà ṣe máa ń ṣe. Kòkó tí wọ́n bá bò dáadáa máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú, ó sì máa ń la bí ilẹ̀ tó gbẹ. Èyí tí kò bá kan tó máa ń ní àwọ̀ àlùkò, kíkorò rẹ̀ sì máa ń le lẹ́nu. Bíbò yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Tí wọ́n bá ti yọ hóró kúrò nínú èèpo, wọ́n á kó o jọ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á bò ó fún ọjọ́ bíi márùn-ún sí méje, á kan, á gbóná, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Níbẹ̀ ni òórùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí yíyan tó lè fi òórùn yẹn sínú kòkó tí wọn ò bò. Mo ń rí aláwọ̀ àlùkò níbí àti lọ́hùn-ún, gbogbo hóró tó bá sì ṣe mí bákan ni mo yọ sọ́tọ̀.

Mo gbé yanrìn kaná. Nígbà tó gbóná, mo da agolo mílíìkì 3 kòkó sí i, mo ń rò ó láìdáwọ́ dúró. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, òórùn kíkan bí ọtí kíkan ló ń jáde, mo tiẹ̀ rò pé mo ti bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, pà, pà, òórùn náà sì yí padà. Tólú sáré wọlé láti ìta, ó ní, “Mọ́mì, ṣé kéèkì ti jinná ni?” Kéèkì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó gbà tó ìṣẹ́jú 25 kí èèpo tó ń fọ́ fúnra rẹ̀ tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo jọ̀ ọ́ kúrò nínú yanrìn, a jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń bó o, mo sì fẹ́ ẹ nínú atẹ títí kò fi sí èèpo kan níbẹ̀.

Mo fi bílẹ́ńdà kékeré tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ lọ̀ ọ́. (Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata o, òórùn ata ò ní kúrò lára rẹ̀.) Mo ti rò pé páódà ni yóò dà. Ó kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, tó di bí ẹ̀pà lílọ̀, tó ń dán. Nǹkan bí ìdajì hóró kòkó, ọ̀rá ni. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá yẹn jáde kí wọ́n tó lọ ìyókù di páódà. Ìdílé van Houten ní Họ́láńdì ló gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà náà ní 1828. Èmi ò ní ẹ̀rọ ìfúnrá, nítorí náà òróró inú kéèkì ni mo dín kù. Níbi tí mo ti máa ń lo páódà gíráàmù 75 àti òróró mìlílítà 120, mo lo kòkó lílọ̀ gíráàmù 130 àti òróró mìlílítà 60.

Mo fẹ́ yọ́ kòkó lílọ̀ náà, mo bu omi gbígbóná ṣíbí méjì sí i. Ó gan lẹ́ẹ̀kan náà! Ó di bí amọ̀ tó ti gbẹ, ṣíbí ò lè yí nínú rẹ̀ mọ́. Ọkàn mi já. Omi díẹ̀ kì í bá ọ̀rá kòkó rẹ́, ṣe ni ìyẹ̀fun inú rẹ̀ máa ń fa omi náà mu, tí yóò sì so pọ̀. Mo wá ṣe é bí ẹni ń ṣe àmàlà tó le jù, mo ń bu omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń rò ó. Nígbà tí omi yóò fi pé ife kan, ó ti yọ́, ó ń ṣàn, ó dúdú bí aró. Mo dà á kọjá nínú asẹ́ nítorí àwọn ègé tí bílẹ́ńdà ò lọ̀ kúnná.

Ìyókù ò le. Fúláwà gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 300, ẹyin méjì, mílíìkì ife kan, iyọ̀ díẹ̀, béékìn páódà ṣíbí tíì kan ààbọ̀, béékìn sódà bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ má yọ sódà kúrò o. Kíkan ṣì wà nínú irú kòkó yìí, òun àti sódà ni yóò jọ hó, tí kéèkì yóò fi wú. Irú páódà kan wà tí wọ́n ti fi èròjà bíi káún pa kíkan inú rẹ̀, ìyẹn ni sódà nìkan ò lè wú.

N kò ní ófùn. Mo pín yanrìn Màmá Ẹlẹ́pà sínú ìkòkò méjì, mo gbé irin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo dé wọn pa fún ìṣẹ́jú 15 kí n tó gbé páànù kéèkì sí i. Mo fi òkúta lé ọmọrí. Ìṣẹ́jú 50 lórí iná kékeré, mo ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó jáde ní mímọ́.

Bàbá dé lọ́sàn-án Sátidé. A kọrin fún wọn, wọ́n gé e. Wọ́n jẹ èyí àkọ́kọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún bù ú jẹ, wọ́n wò mí.

“Kòkó wo lo fi ṣe èyí?”

“Kòkó tiyín ni, Bàbá. Èyí tí ẹ kó wá fún Tólú.”

“Ṣé o yọ àwọn aláwọ̀ àlùkò kúrò?”

“Mo yọ wọ́n, sà. Wọ́n pọ̀ díẹ̀.”

“Wọ́n á pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo bò ó, òjò ló lé mi.” Wọ́n na àwo wọn sí Tólú pé kó tún gé òmíràn sí i. “Èyí tí mo máa kó wá lẹ́yìn ìkórè, màá bò ó pé ọjọ́ mẹ́fà.”