Bí a ṣe ń yan irú ẹ̀gẹ́ tó lè dúró de àrùn, tí a sì ń bọ́ ọ, lóko Abẹ́òkúta

Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sunwọ̀n sí i lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé inú igi tí òun ń gbìn ni àrùn sábà máa ń bá wọ oko. Bí ewé bá ní àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè, tó ń lọ́, tó sì ń kéré, àrùn mósáíìkì ni. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, eṣinṣin funfun tíntìntín tó máa ń bà sábẹ́ ewé ló sì ń gbé e láti orí igi kan dé òmíràn. Kò sí oògùn tí a lè fín sí i tí yóò wò ó sàn. Ẹni tó bá gé igi lára èyí tó ń ṣàìsàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin àrùn.

Irú tó lè dúró de àrùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. TMS 30572, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, mú jáde, ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. TME 419, tí kì í yẹ̀ka púpọ̀, wà pẹ̀lú. Ẹ má torí ìwọ̀nyí kó irú tí ẹ ti ń gbìn dànù. Ẹ gbin aporo mẹ́ta-mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ gbé ohun tí ẹ bá wà lórí ìwọ̀n, kí ẹ sì fi ṣe láfún wò, nítorí bí ẹ̀gẹ́ bá tóbi tí láfún rẹ̀ kò funfun, àwọn oníbàárà ní ọjà Kútọ̀ kò ní pẹ́ sọ fún yín.

Yíyan igi ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò, òun sì ni mo kà sí jù. Kì í ṣe ọjọ́ tí a bá ń wa ẹ̀gẹ́ ni a ń ṣe é, torí pé púpọ̀ nínú ewé á ti já dànù nígbà náà, igi lásán kò sì ní sọ èyí tó ṣàìsàn. Láàrin oṣù kejì sí ìkẹta lẹ́yìn gbígbìn, ẹ rìn yí oko ká, ẹ fa èyí tí ewé rẹ̀ ń lọ́ tu, kí ẹ sì gbé e jìnnà. Ẹ so okùn pupa mọ́ èyí tí ewé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí ẹ bá ń wà á, nínú àwọn tó ní okùn, èyí tó bá ta dáadáa nìkan ni kí ẹ gé igi lára rẹ̀: àárín igi, kì í ṣe orí tó ṣì rọ̀, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ó sì ní ojú 5 sí 7.

Ní ti ilẹ̀, ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbìn. Bí ẹ bá fi mítà kan sí àárín ebè, 10,000 ebè ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 oníkílò 50 mẹ́jọ yóò fún ebè kọ̀ọ̀kan ní gíráàmù 40. Láàrin ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ẹ fi yí ìdí rẹ̀ ká, kí ó jìnnà sí igi tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Ẹ má ṣe da yúríà, ajílẹ̀ tó ní náítírójìn nìkan, sí i bí ẹni ń bọ́ ẹ̀fọ́. Ewé ni yóò pọ̀, pọtásíọ̀mù, oúnjẹ ilẹ̀ tí kò sí nínú yúríà, sì ni ẹ̀gẹ́ ń fà jù nínú ilẹ̀ bó bá ń ta.

Kí ẹ tó fa igi kan tu, ẹ wo ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ pọ́n, tí gbogbo ojú rẹ̀ pọ́n bákan náà láìlọ́, àìrí náítírójìn jẹ ló ń dà á láàmú, kì í ṣe mósáíìkì.