Bí mo ṣe ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ n'Ìbàdàn

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo tí à ń rà ní nǹkan tí kò tó ₦200 ní lítà kan fò kọjá ₦480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Owó máíkírà, ìyẹn táksí wa n'Ìbàdàn, láti Àgbọwọ́ sí Mókólá, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tẹ̀ lé e gun òkè, kò sì sọ̀ mọ́. Mo bá pinnu láti ra kẹ̀kẹ́ ológeere.

Tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n èyí tí owó mi ká nínú wọn, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, bíréèkì rẹ̀ kò mú. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ti gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún nílùú òyìnbó ṣì ní egungun tó le ju ìyẹn lọ.

Kí n tó lọ wo ọjà rárá, ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, lọ́jọ́ tí táyà mi bá bẹ́, irú èwo ni mo lè rí rà lọ́jọ́ náà gan-an?"

Wọn kò rò ó rárá. "Ínṣì 26 ni, ọmọ mi. Òun ló wà káàkiri. Bó o bá ra òmíràn, wàá gbé e wá síbí, èmi náà á sì máa wò ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ra kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó dára jù kọ́ ni mo ń wá, bí kò ṣe èyí tí àdúgbò mi lè tún ṣe.

Níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù kọ́nténà, wọ́n ti fi wáyà so àwọn kẹ̀kẹ́ pọ̀, wọ́n yí ọwọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì tú pẹ́dà kí wọ́n lè gba àyè láàrin fíríìjì àti ẹ́ńjìnnì. Ọmọkùnrin tó ń tà á fà aláwọ̀ búlúù kan yọ fún mi. "Àǹtí, ẹ wo èyí, Jámánì ni!" Ó lẹ́wà lóòótọ́. Irin àárín rẹ̀ rẹlẹ̀, èèyàn lè fi síkẹ́ẹ̀tì gùn ún, ó sì ní ìbòrí ṣéènì tí kò ní jẹ́ kí epo yí aṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ka ẹ̀gbẹ́ táyà: 37-622. Fífẹ̀ táyà ni 37, ìbú ríìmù tó ń wọ̀ ni 622, mìlímítà ni méjèèjì. Ínṣì 28 ni wọ́n ń pe ìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe ti Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gùn, ṣùgbọ́n 635 ni ti Raleigh yẹn. Mìlímítà 13 ló wà láàrin wọn, táyà ọ̀kan kò lè wọ ríìmù èkejì láé. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fún un ní atẹ́gùn tún yàtọ̀ sí ti mọ́tò, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ fọgánáísà kò ní bá a mu. Mo dá a padà.

Dúdú kan ló wà lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò yà sí. Irin tirẹ̀ náà rẹlẹ̀, 47-559 ló wà lára táyà rẹ̀, ínṣì 26 tí Bàbá wí nìyẹn, ẹnu tíúbù rẹ̀ sì dà bíi ti mọ́tò gẹ́lẹ́. Orí ìyẹn ni mo jókòó lé.

Férémù ni mo kọ́kọ́ wò, pàápàá abẹ́ ibi tí ọrùn iwájú ti so mọ́ irin gbọọrọ, nítorí ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tó ti forí sọ nǹkan rí ti máa ń sán. Bí ọ̀dà bá ti wú tàbí tó ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti fi fáìlì rẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, ẹrù olè ló sábà máa ń jẹ́, n kì í ná irú rẹ̀. Mo yí táyà méjèèjì láti mọ̀ bóyá wọ́n ń mì, mo mi pẹ́dà sọ́tùn-ún sósì, mo sì fa ọ̀pá ìjókòó sókè kí n lè mọ̀ pé ìpẹtà kò tíì gbé e mì sínú férémù.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ tépù. Ojú ṣéènì kọ̀ọ̀kan gùn ní ìdajì ínṣì, nítorí náà 24 nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 géérégé. Bó bá fi ìdá kan nínú 16 ínṣì lé, ṣéènì náà ti fà. Bó bá fi ìdá kan nínú 8 lé, ó ti jẹ eyín irin ẹ̀yìn tí ṣéènì ń kọ́ pẹ̀lú, ẹ ó sì pààrọ̀ méjèèjì. Èyí tí mo ń wò ti kọjá ìdá kan nínú 8.

Mo fi hàn án. "Wò ó fúnra ẹ, àbúrò mi. Owó ṣéènì àti ti eyín máa kúrò nínú iye tó o pè."

"Háà, Àǹtí, ẹ tiẹ̀ wọ̀n ọ́n!" ₦95,000 ló pè é. ₦70,000 la parí ẹ̀ sí, ó sì kọ rísíìtì tí nọ́ńbà férémù wà nínú rẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba rísíìtì.

Àtúnṣe gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fi rà á, mo sì ti fi ìyẹn pamọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá tú gbogbo bíárìn, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n fi gíríìsì tuntun sí i. Rọ́bà bíréèkì ti gan bí òkúta, a pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ní kí n dán bíréèkì wò kí n tó bọ́ sí títì, nítorí kẹ̀kẹ́ tó ti Ìlú Ọba wá, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Ti Jámánì, ọwọ́ òsì ni. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì lórí eré lè gba orí kẹ̀kẹ́ ṣubú.

Láti Àgbọwọ́ mo máa ń gba Sámọ́ńdà, Sángo, kí n tó dé Mókólá. Mo máa ń tètè jáde kí ọkọ̀ tó pọ̀. Máíkírà ló yẹ kéèyàn ṣọ́ jù: kì í fi iná hàn kó tó yà dúró. Èrò tó na ọwọ́ létí títì ni mo máa ń wò, nítorí ibi tó bá dúró sí ni máíkírà iwájú mi máa yà sí. N kì í rìn létí gọ́tà pátápátá, iyanrìn ibẹ̀ máa ń yọ̀. Bí òjò bá rọ̀, mo máa ń tètè di bíréèkì mú, nítorí ríìmù tó tutù kì í tètè gbà. Ibi tó bá ga, kí n tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti ń dín gíá kù. Búláòsì míì sì wà nínú báàgì mi.

Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń kán sí ṣéènì, lẹ́yìn náà kí n nù ún gbẹ, torí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń di ekuru mú. Bí mo bá gbé e lọ fún fọgánáísà, mo máa ń dúró tì í: "Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni o, kó má kọjá 50 lójú géèjì." Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà tírélà lè bẹ́ tíúbù kẹ̀kẹ́ kí ojú tó ṣẹ́.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Pólì ti ní kí n bá òun wá tòun. Ó ga jù mí lọ, férémù tó tóbi díẹ̀ la máa wá, ṣùgbọ́n ínṣì 26 náà ni.