Ìràwọ̀ Kò Ṣẹ́jú: Ìbéèrè Tí Mo Ti Dáhùn Títí Ó Fi Sú Mi

Bí òkúta ńlá tó jìnnà réré sí oòrùn bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìràwọ̀ náà á pòórá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lójú ẹni tó dúró sí ọ̀nà òjìji rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí òrùka tó yí Chariklo, ọ̀kan lára irú òkúta bẹ́ẹ̀, ká ní 2013, tí a tún rí ti òmíràn tó ń jẹ́ Haumea ní 2017. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣọ́ ọ, kó ka èyí kó tó bi mí.

Mi ò rí nǹkan kan nínú kámẹ́rà.

Ẹ ṣí ìdérí awò awọ̀nàjíjìn yín.

Mo ti ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ṣì ń ṣe bàìbàì.

Ìrì ni. Ẹ wé ohun tó ń móoru mọ́ ẹnu awò náà. Ẹ má fi aṣọ nù ún o.

Ìràwọ̀ tí mo ń ṣọ́ kò pòórá.

Ìràwọ̀ wo? Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ fídíò tí mo ti wò, ìràwọ̀ tó múlé gbè é ni wọ́n tẹjú mọ́. Ẹ wá a rí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi wé máàpù.

Ìràwọ̀ náà gan-an ni. Ṣé àsọtẹ́lẹ̀ ibi tí òjìji máa gbà kọjá ló parọ́ ni?

Kò parọ́, ó yẹ̀ ni. Láti ìgbà tí Gaia, sátẹ́láìtì tó ń wọn ibi tí ìràwọ̀ wà, ti wọn ojú ọ̀run, a mọ ibi tí ìràwọ̀ wà dáadáa. Òkúta náà ló ń fún wa níṣòro. Ẹ pín ìwọ̀n dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, kí ẹ tún pín ẹyọ kan nínú rẹ̀ sí 1,000. Bí a bá fi ìwọ̀n bíńtín yẹn ṣì í, tí òkúta náà sì jìnnà sí wa ní ìlọ́po 40 ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti oòrùn, òjìji á yẹ̀ ní nǹkan bí 30 kìlómítà lórí ilẹ̀. Arrokoth, ọ̀kan lára àwọn òkúta yìí, kò gùn ju nǹkan bí 36 kìlómítà lọ. Ní June 3, 2017, wọ́n to awò sílẹ̀ ní Argentina àti South Africa láti ṣọ́ òjìji rẹ̀. Kò sí èyí tó rí i kí ìràwọ̀ pòórá. Ní July 17, wọ́n padà sí Argentina, awò márùn-ún sì rí i tí ìràwọ̀ pòórá. Nítorí náà, ẹ tún àsọtẹ́lẹ̀ wò ní ọjọ́ náà gan-an. Bí kò bá sì pòórá, ẹ fi ìyẹn náà ránṣẹ́: ó ń sọ ibi tí òjìji kò dé.

Ó pòórá, ṣùgbọ́n àkókò mi kò bá ti àwọn yòókù mu.

Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Àwa mẹ́rin la jọ ṣọ́ òkúta kan níbí ní Ìlú Ọba. Tiwọn bára mu rẹ́gí; tèmi fi ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ́. Òjìji ń sá ní nǹkan bí 22 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó dà bíi pé mo gé 44 kìlómítà kúrò níhìn-ín lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo bú kámẹ́rà tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. GPS ló ń tẹ àkókò sára fídíò mi, ta ló máa fura sí GPS?

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbé ẹ̀rọ GPS náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tó ń fi àkókò tó péye hàn, mo kàn ń wò ó. Ó fi ìṣẹ́jú àáyá méjì ṣáájú. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú méjìlá, aago inú rẹ̀ ta padà sẹ́yìn lójú mi, òun àti fóònù sì di ọgbọọgba. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi jáde síta.

Àlàyé rẹ̀ rèé: aago GPS fi ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣáájú aago ayé láti 2017. Ẹ̀rọ mi ti gbó, 16 ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Sátẹ́láìtì ló ń sọ iye tó tọ́ fún un, iṣẹ́ náà sì lè gba ìṣẹ́jú méjìlá àbọ̀ kó tó pé. Èmi, nítorí òtútù, inú mọ́tò ni mo máa ń jókòó sí títí tó fi ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ tan GPS yín síta gbangba ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú.

Ṣé mo lè kúkú yọ ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn fúnra mi?

Rárá o! Fídíò náà bó ṣe rí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìgbà tí ẹ tan GPS sí i.